Ẹ̀rọ Orin Tí Àkọ́bí Mi Yàn

Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà kò rọ̀ bí òjò. Ó dé bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò lù. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ wá, ó já páànù méjì kúrò lórí ilé tó kọjú sí tiwa ní Òkè-Ìlá, ní Adó, ó sọ ọ̀kan mọ́ ewúrẹ́ kan lẹ́yìn ọrùn. Ewúrẹ́ náà kò ké ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo jókòó lẹ́nu fèrèsé, mò ń mu ògì gbígbóná. Nígbà tó yá, òjò dá, oòrùn yọ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjèèjì sì jáde láti yàrá wọn pé ká lọ ra ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọn, ọkọ mi tó ti di olóògbé, káfíńtà ni. Òun ló fi igi ìrókò kan àpótí sípíkà méjì tó wà ní pálọ̀ wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Anpilifáyà tó ń ti ohùn sínú wọn ti kú. Ọ̀kan nínú etí mi náà ti ń kú lọ. Waká ni mo fẹ́ràn jù, orin tí àwa obìnrin fi ń pàdé ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ariwo kọ́ ni mo ń wá. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Àbújá gbọ́, ó fi owó ránṣẹ́, ó ní ká ra anpilifáyà tuntun, ká sì ra àpótí kékeré kan tó máa ń fa orin wá láti inú íńtánẹ́ẹ̀tì, pé waká tí mo bá ṣáà ti pè ni yóò kọ.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ, ẹ̀rọ kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Àwọn méjì tó ń bá mi lọ yìí ni. Inú ilé kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé, wọ́n sì ti ń na ara wọn láti kékeré. Àkọ́bí mi, wẹ́dà ni, apá rẹ̀ rí bí ìtì igi. Òun ló ká eyín iwájú kan lẹ́nu àbúrò rẹ̀ nítorí garawa omi. Ìyàwó rẹ̀ sá fún ẹ̀ṣẹ́, kò sì padà mọ́. Àbúrò, tíṣà ni. Kò ní apá, ẹnu ló ní, ẹnu náà sì ń gé bí abẹ. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ mi ti lọ kí àwọn òbí ìyàwó lọ́jọ́ náà, mo sì dúpẹ́ pé wọn kò sí nílé. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́: kí ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí má pa èkejì lójú mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, wọ́n to ẹ̀rọ dé àjà. Ọlọ́jà tan kékeré kan fún wa, kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Tíṣà fi fóònù rẹ̀ pe waká. Mo yí etí mi tó dára sí i. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀, mo tún gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń mí kó tó gbé orin.

Mo ní, "Èyí ń sọ̀rọ̀."

Àkọ́bí mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ wò ó, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Kí ló wà nínú nǹkan tó fúyẹ́ báyìí? Afẹ́fẹ́!" Ó lọ sídìí ọ̀kan tó dúdú, tó ní iná pupa níwájú. Ó gbé e, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Èyí ni à ń pè ní anpilifáyà. Irin wà níkùn rẹ̀."

Ẹ má rò pé ó gọ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń ra ẹ̀rọ nílùú yìí nìyẹn, a ó kọ́kọ́ gbé e wò. Èyí tó bá wúwo lọ́wọ́ ló dára. Bí mo ṣe ń gbé iṣu wò ní Ìgèdè nígbà tí mo ń ṣòwò náà nìyẹn.

Tíṣà ní, "Bọ̀dá, ṣé orin la fẹ́ gbọ́ ni àbí ata la fẹ́ fi lọ̀? Agbára rẹ̀ yóò pọ̀ jù fún sípíkà bàbá wa. Yóò fà á ya."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀? Ta ni àkọ́bí nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni. Àkọ́bí ẹ̀ṣẹ́."

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fún ọrùn ẹ̀wù tíṣà, ó ti tì í mọ́ pákó tí wọ́n to ọjà sí. Redíò kan já lulẹ̀. Ọlọ́jà ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọjà mi!"

Mo ní, "Ẹ gbé ti àkọ́bí."

A kì í já ọ̀rọ̀ àkọ́bí kulẹ̀ lójú àjèjì. Bí mo bá dójú tì í ní Adébáyọ̀, ara àbúrò rẹ̀ ni yóò ti gba ìtìjú náà padà nílé. Báyìí ni a ṣe ra dúdú náà, a ra àpótí kékeré tó ń fa orin, a sì wálé.

Wẹ́dà so wáyà mọ́ sípíkà, tíṣà so àpótí kékeré mọ́ fóònù. Fún ìgbà díẹ̀, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, wọn kò sì bú ara wọn. Iná pupa tàn. Waká jáde, ṣùgbọ́n kò dà bí waká. Ó ń kùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gàrí.

Wẹ́dà ní, "Kò tíì jí ni." Ó yí i sókè. Ó tún yí i. Ó yí i títí kò fi yí mọ́. Sípíkà apá òsì dún páà! Èéfín yọ, òórùn bébà tó jóná gba pálọ̀. Sípíkà bàbá wọn ya níwájú wa.

Tíṣà dìde, ó mú súkúrúdíráfà wá, ó tú ìdérí ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì mọ bíríkì kékeré kan, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ìsàlẹ̀ kí ẹ̀rọ náà lè wúwo. Ẹ̀rọ gan-an tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi; agbára tí kò ní ni wọ́n ń fà lára rẹ̀ tó fi jó sípíkà.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣe pé inú ló ti rín in ni! Ó ṣí fèrèsé, ó ń pe àdúgbò: "Ẹ wá wo irin tí wẹ́dà rà! Sìmẹ́ńtì! Bọ̀dá, ẹ lọ ra méjì sí i, ká fi mọ ilé ìyàgbẹ́!"

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bà á nímú. Ẹ̀jẹ̀ ta sára igi ìrókò. Tíṣà fa wáyà yọ, ó fi nà án lójú, ìlà pupa dìde láti etí dé ẹnu. Wọ́n ṣubú lu tábìlì, gíláàsì fọ́ sábẹ́ wọn, wọ́n ń yí lórí rẹ̀. Tíṣà gé e lápá jẹ, kò sì fẹ́ tú eyín. Wẹ́dà gbá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi tú u, ó wá gun un láyà, ó fi eékún tẹ ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ náà. Ó fa sìmẹ́ńtì tu tòun ti nọ́ọ̀tì, ó gbé e sókè.

"Rín in! Rín in kí n gbọ́!"

Mo ti dìde nígbà yẹn. N kò ké, nítorí igbe kì í dá irú ìyẹn dúró. Ọmọ odó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo mú un. N kò gbá a lórí, èmi ni mo bí orí náà. Apá tó gbé sìmẹ́ńtì ni mo wò, mo sì fi gbogbo agbára mi gbá a láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Eegun náà dún bí igi gbígbẹ. Sìmẹ́ńtì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tíṣà, ó fọ́ ilẹ̀.

"Ìyá! Ẹ ti ṣẹ́ mi lápá!"

"Mo gbọ́."

"Nítorí èyí?"

"Bó bá ṣe pé ìwọ lo wà nísàlẹ̀, tirẹ̀ ni ǹ bá ṣẹ́."

Tíṣà tu ẹ̀jẹ̀ síta láti ilẹ̀ tó wà. "Ẹ ṣeun, Ìyá."

"Pa ẹnu rẹ mọ́. Ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Mo fi pákó méjì há apá náà, mo fi aṣọ dì í. Ó ń làágùn, ó ń bú mi, mo ń dì í lọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé kò ní gbé pẹ̀lú wa mọ́, ó ní, "Ulé bàbá mi nìyí. Àkọ́bí kì í jáde ní ulé bàbá rẹ̀. Ẹ lé àbúrò."

Mo ní, "Ilẹ̀kùn ni bàbá rẹ kàn sí i. Owó iṣu mi ni mo fi mọ ọ́n láti ìpìlẹ̀. Ulé mi ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò, mo háyà ọkọ̀, mo mú un lọ sí Ìgèdè, sọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin tó máa ń to eegun. Nígbà tó fa apá náà, ọmọ mi ké débi pé àwọn adìẹ tú ká. Mo di èjìká rẹ̀ mú títí wọ́n fi tò ó tán. Lẹ́yìn náà ni mo gbá yàrá tó wà lẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ ẹní síbẹ̀, mo sì sọ fún àbúrò mi pé ọmọ yìí ti wá gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ó bi mí láti orí ẹní pé, "Ọjọ́ wo ni n óò wálé?"

"Bí apá rẹ bá san, máa wá kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o ti padà síbí."

Mo na ọwọ́ sí i fún kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ ní Òkè-Ìlá. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́ lápò. Ọwọ́ òsì ló fi fún mi, òun nìkan ló kù. Mo gbà á, mo sì wọ ọkọ̀ tó ń padà sí Adó.