Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Gbà, gbà, gbà ni apasà Yèyé ń dún lórí òfì. Èmi jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, mò ń tú òwú aláró tó ṣì ń rùn bí ìkòkò ẹ̀lú. Yèyé ló bí ìyá mi. Ìyá mi kú níbi tó ti ń bí mi, nítorí náà, ọwọ́ Yèyé ni mo dàgbà sí, ní Iléṣà, nígbà tí òmìnira kò tíì pẹ́.

Aṣọ tí wọ́n ń hun lọ́dún náà kì í ṣe kíjìpá ọjà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ́ ilé tuntun, Yèyé sì ní àwọn ni yóò hun aṣọ ìkélé tí wọn yóò ta sẹ́yìn pẹpẹ, irú èyí tó wà nínú àgọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láyé Mósè.

"Aró yìí, ojú ọ̀run ni," wọ́n á ní. "Pupa yìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Fìtílà wọn kì í kú, torí Ọlọ́run kì í sùn. Èéfín tùràrí, àdúrà ni, òkè ló ń lọ."

"Aṣọ ìkélé ńkọ́, Yèyé?"

"Òun ló pààlà sáàárín àwa àti Ọlọ́run. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí májẹ̀mú wà. Olórí àlùfáà nìkan ló ń wọ ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún."

Gbogbo ará ilé ló sì ti sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìyá mi wà. Ọmọdé ni mí, mo so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Láràárọ̀ ni mò ń béèrè bóyá aṣọ náà ti fẹ́ẹ̀ parí.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbà á ró ni?" Yèyé á fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ta á, ó dùn ún wò. Nígbà tí gbogbo ìjọ dijú gbàdúrà, mo rọra gòkè, mo wọ ẹ̀yìn aṣọ.

Ògiri sìmẹ́ǹtì ni mo bá níbẹ̀, àti ìgbálẹ̀, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Mo pe "Màámi." Mo tún un pè. Ni ẹkún bá gbé mi.

Obìnrin kì í dé ibi pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo gbọ́ tí àwọn àgbà ìjọ ń ké pé, "Màmá, ẹ dúró o!" Yèyé ká aṣọ náà sókè, wọ́n wọlé tọ̀ mí.

"Kí lo ń wá níbí?"

"Ìyá mi ni. Ẹ ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló wà."

Yèyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìmúròde wọn, wọ́n fà mí sórí itan. Omijé wọn ń kán sí mi lọ́rùn.

"Èmi náà ń wá a," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ta òwú sórí òfì."

Títí di ọjọ́ náà, n kò rò ó rí pé ọmọ ẹnì kan ni ìyá mi.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà tó kú lọ, Yèyé náà sì ti lọ tipẹ́. Àárò wọn ń sọ mí gan-an. Bí oníwàásù bá ń sọ̀rọ̀ Ibi Mímọ́ Jùlọ, tó ń ka wúrà àti kérúbù, ilẹ̀ tútù yẹn ni mo máa ń rí, àti itan Yèyé. Mo gbà pé màá rí ìyá mi lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n n kò mọ ojú rẹ̀. Yèyé ni yóò fi í hàn mí.