Ojú Ni Kámẹ́rà Muji Ń Tẹ̀ Lé

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Cak Gimin fọ́ ife kọfí mọ́ Tarno lórí nítorí apá ẹlẹ́sẹ̀ ayò kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ará abúlé Karangduwet kò dé rí. Bọ́ọ̀lù ló lu ọmọ náà lápá, rẹfirí sáré lọ wo fídíò, ó sì fún ẹgbẹ́ kejì ní pẹnáríti. Ìsọ̀ Mbok Rukmi, ìyá tó ń ta kọfí, la ti ń jiyàn rẹ̀.

"Ibi tí Ọlọ́run fi apá ẹ̀ sí ló wà," Gimin ní. "Àbí kó gé e sílé kó tó wá gbá bọ́ọ̀lù ni?"

"Ó na apá jàre," Tarno fèsì. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi hàn lórí VAR."

"VAR àwọn wo? Àwọn tó jókòó sínú yàrá, tí wọ́n ń mu tíì? Ojú tìẹ ńkọ́, ṣé o ti fi dógò ni?"

"Ojú tèmi sàn ju tìẹ lọ. Ìwọ tó o máa ń gé ìka ara ẹ mọ́ ọrùn adìẹ."

Adìẹ ni Gimin ń pa tà lọ́jà, ìka rẹ̀ méjì kò sì pé lóòótọ́. Ẹ̀rín tí a rín ló fa ife yẹn. Ẹ̀jẹ̀ dà sínú àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, Mbok Rukmi ní ẹni tó bá fọ́ ife ni yóò gbá ilẹ̀, Mujiono ló sì bọ́ ìborùn rẹ̀ tó fi di orí Tarno. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń dì í. Kò fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀.

Cak Muji, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Muji, ni gbogbo wa ń pe Mujiono yìí, torí àgbà ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ó sì ti ń ya fídíò ìgbéyàwó fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ọmọ Karangduwet ni bàbá rẹ̀, ọmọ Watuireng tó wà lódìkejì odò ni ìyá rẹ̀. Bí ọkọ bá ń fi òrùka sí ìyàwó lọ́wọ́, òrùka ni àwọn ayafídíò yòókù ń sáré lé. Muji kì í wo òrùka. Ojú ìyàwó ló ń fi kámẹ́rà lé, láti ìgbà tí wọ́n bá ti mú un jáde títí wọ́n á fi mú un wọlé. Ó máa ń sọ pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ kì í sunkún."

Ìgbà mẹ́ta ló ti wo ojú ìyàwó nínú fídíò, tó sì sọ sétí Lasmi aya rẹ̀ pé ìgbéyàwó yẹn kò ní lálẹ́. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹ. Lasmi kò lè pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́nú, kò pẹ́ tí àwọn ìyá fi ń gbé fídíò ọmọ wọn wá kó bá wọn wò ó. Bí ọkùnrin jẹ́jẹ́ ṣe di ẹni tó gbà pé òun lè mọ inú ènìyàn láti ojú nìyẹn. N kò bú u. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń sọ fún ọ pé o gbọ́n, yóò ṣòro kó o máa takò wọ́n.

Ní ọdún tó ṣáájú, àwa àti Watuireng la jọ gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ òmìnira. Màlúù kan ni ẹ̀bùn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù lu apá ẹnì kan, rẹfirí ní òun kò rí i, wọ́n sì fa dòjé yọ. Ọmọkùnrin Watuireng kan pàdánù ojú ọ̀tún rẹ̀. Inú kòtò omi ìrẹsì la ti wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Gimin jáde, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń mì bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ já. Rẹfirí sá gba inú oko ìrẹsì lọ, kò sì padà wá gbé alùpùpù rẹ̀ títí wọ́n fi dáná sun ún. Ẹ̀yìn èyí ni olórí abúlé méjèèjì jókòó, tí wọ́n ní àwa náà yóò ní VAR tiwa. Kámẹ́rà Muji ni yóò ya eré, tẹlifíṣàn yóò wà lábẹ́ àtíbàbà, rẹfirí yóò sì máa wá wò ó. Muji ni wọ́n mú nítorí pé ó tan mọ́ ìhà méjèèjì. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ.

Kò sí rẹfirí tó fẹ́ wá. Wasis nìkan ló gbà, olùkọ́ eré ìdárayá kan láti ìlú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré, ó wá kí Muji nílé. Lasmi din témpè tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe fún un, ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ata tútù. Ó fi àwòrán ọmọ rẹ̀ obìnrin hàn wọ́n lórí fóònù.

"Cak, tí kì í bá ṣe ti kámẹ́rà yín, mi ò ní wá," ó ní. "Ọmọ oṣù mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ nílé. Ohun tí mi ò bá rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí i."

"Fọkàn balẹ̀, Dik," Muji dá a lóhùn, bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn ẹ ni mo wà."

Lọ́jọ́ kejì, ìhà méjèèjì kún pápá. Gbogbo ọ̀pá àsíá ọjọ́ náà ló nípọn ju ti àsíá lọ. Gimin so ọ̀bẹ adìẹ rẹ̀ mọ́ ìdí, ó ní ọjà lòun ti ń bọ̀ tààrà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, góòlù kan la ní, góòlù kan ni àwọn náà ní. A gbá kọ́nà. Rohmad, ọmọ wa tó máa ń gbá iwájú, fò sókè láàárín èrò, bọ́ọ̀lù sì wọ àwọ̀n. Wasis fun fèrè, ó nawọ́ sáàárín pápá. Ó ní góòlù ni.

Watuireng pariwo pé ọwọ́ ni. Àwọn kan ti ń fa ọ̀pá tu. Wasis wò wọ́n, ó fi ìka ya onígun mẹ́rin lójú afẹ́fẹ́ bí àwọn ti orí tẹlifíṣàn, ó sì sáré wá sábẹ́ àtíbàbà. Òun àti Muji nìkan ló wà níbẹ̀.

Muji dá fídíò padà. Ojú Rohmad ló kún tẹlifíṣàn. Láti ìgbà tó fò títí tó fi balẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òógùn iwájú orí rẹ̀. Kò sí apá. Kò sí àyà. Kò sí bọ́ọ̀lù pàápàá. Muji ti tẹ̀ lé ojú ọmọ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ lé ojú ìyàwó.

"Cak, apá ẹ̀ dà?" Wasis bi í.

Muji dá fídíò náà padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó rí nǹkan kan. Bí bọ́ọ̀lù ṣe wọlé, kí Rohmad tó la ẹnu yọ̀, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ sáré lọ sọ́dọ̀ rẹfirí. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Muji sọ nínú ara rẹ̀ pé ojú olè nìyẹn, bí olè ṣe ń wò bóyá wọ́n rí òun.

Ó yẹ kó sọ pé òun kò ní àwòrán. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, Wasis ì bá dúró lórí ohun tó kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n abúlé méjì ló gbé e ga, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ojú ènìyàn kan ṣoṣo ló sì rí mú wálé. Ojú tì í láti sọ ọ́.

"Ọwọ́ ni," ó ní.

"Ẹ rí i?"

"Mo fojú ara mi rí i, Dik."

Irọ́ ni. Wasis tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, ó ní, "Ó dáa," ó sì jáde lọ fagi lé góòlù náà.

Àwa la kọ́kọ́ dìde. Gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ gbiná. Òkúta ń bọ̀, ìgò ń bọ̀, ẹnì kan fi bàtà rẹ̀ pàápàá ránṣẹ́. Wasis sá, ṣùgbọ́n kò sá sí ìhà Watuireng tí ì bá gbà á là. Abẹ́ àtíbàbà ló sá padà sí, ẹ̀yìn Muji. Gimin ló ṣíwájú àwọn tó wọlé tẹ̀ lé e.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ká rí i," Gimin ní.

Muji tẹ̀ ẹ́. Ogójì ènìyàn dúró, wọ́n ń wo ojú Rohmad.

"Ọwọ́ dà?" Gimin bèèrè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Muji ló ya fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un. "Cak Muji, ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé ọwọ́ ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ sọ ọ́, ká mọ̀."

Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ Gimin. Ẹ̀jẹ̀ adìẹ àárọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Muji rí i, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ẹ̀rọ ni mò ń yí, Cak," ó ní. "Èmi kọ́ ló ń dájọ́."

Wasis yíjú sí i. Ẹnu rẹ̀ là láti sọ̀rọ̀, òpó oparun àtíbàbà sì bà á lẹ́nu kó tó sọ ọ́. Eyín rẹ̀ fò jáde. Ó fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sì fi àga gbá ọwọ́ náà títí tí egungun fi dún. Nígbà tó ṣubú, wọ́n tò yí i ká. Wọ́n ń fi gìgísẹ̀ gún un nídìí, níkùn, lójú. Ẹnì kan tí mo mọ̀, tí mo sì ń kí láràárọ̀, fi ọ̀pá àsíá gún un lójú òsì, ó tún fà á yọ, ó tún un gún. Bí Watuireng ṣe dé ni ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yàgò. Àtíbàbà wó lé gbogbo wọn lórí, wọ́n sì ń lu ohunkóhun tó bá ń mira lábẹ́ aṣọ náà. Gimin fi ọ̀bẹ la ọkùnrin kan ní itan. Wọ́n fi tẹlifíṣàn gbá òun náà lórí, ó sì ṣubú lé ẹni tó ń gé.

Ní gbogbo àkókò yìí, Muji wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó di kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì káwọ́ bò ó kí wọ́n má bàa fọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó lù ú. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sókè, èrò tú, wọ́n sì gbé Wasis sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó ìrẹsì.

Wọ́n kó Gimin àti àwọn mẹ́fà mìíràn lọ sí àtìmọ́lé. Ènìyàn á rò pé àwa tó kù yóò dákẹ́. Rárá o. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìsọ̀ Mbok Rukmi kún fún báńdéèjì, a sì ń jiyàn bóyá ọwọ́ ni àbí àyà. Tarno ní VAR kan kò ṣe é gbára lé mọ́. Ẹnì kan ní kámẹ́rà mẹ́ta ló yẹ ká yá. Muji kò yọjú síbẹ̀. Kò lè jẹun, kò lè wo Lasmi lójú, ohun kan ṣoṣo ló sì rọ̀ mọ́: òun parọ́ pé òun rí i, òun sì já ọmọ ọlọ́mọ kulẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà, ọwọ́ ni.

Lọ́jọ́ kẹfà, Rohmad wá bá a lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti so apá rẹ̀ kan mọ́ ọrùn.

"Cak, àyà mi ni bọ́ọ̀lù yẹn lù," ó ní.

"Mo rí ojú ẹ. Rẹfirí lo kọ́kọ́ wò."

"Gbogbo ìgbà tí mo bá gbá a wọlé ni mo máa ń wo rẹfirí. Wọ́n fagi lé góòlù mi méjì lésìí. Mi ò kí ń yọ̀ mọ́ àfi tó bá nawọ́ sáàárín."

Muji jókòó sórí odó. "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ta ló bi mí?" Rohmad ní. "Ẹ̀yin ni wọ́n bi."

Muji ra ọsàn, ó sì wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú. Ó ti pinnu ohun tí òun yóò sọ. Nuraini, aya Wasis, ló ṣílẹ̀kùn fún un, pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn nínú ọ̀já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú rẹ̀. Wọ́n ti fi irin de ìbàdí Wasis tó ṣẹ́. Báńdéèjì bo ojú rẹ̀ òsì, Nuraini sì ti sọ lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí ojú mọ́ lábẹ́ rẹ̀.

"Cak Muji nìyí," Wasis sọ fún aya rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nítorí eyín tí kò sí. "Àwọn ló rí ọwọ́ yẹn."

Muji fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Wasis mi orí.

"Ẹ̀rù bà yín. Ẹ̀rù ba èmi náà. Mi ò bínú sí yín mọ́. Ẹ ṣáà mọ ohun tó ń mú mi sùn? Pé mo dá a re. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ni mò ń sọ fún: wọ́n nà mí, ṣùgbọ́n mo dá a re, ọwọ́ ni. Ọwọ́ ni, àbí?"

Nuraini ń wo Muji. Ó ṣẹ́jú sí i, ó fẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ló gbé ọmọ yìí dé orí bẹ́ẹ̀dì. Muji kò lè fi òmíràn tì í lẹ́yìn.

"Àyà ni, Dik," ó ní. "Mi ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo parọ́ fún ẹ."

Ọmọ náà jí, ó sunkún díẹ̀, ó tún sùn.

"Góòlù ni mo kọ́kọ́ pè é," Wasis ní níkẹyìn. "Mo dúró dáadáa, mo rí i, mo nawọ́ sáàárín. Ojú mi ti pè é bó ṣe yẹ, Cak. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́, tí wọ́n fi POP dì, kan báńdéèjì ojú rẹ̀. Nuraini gbé ọsàn náà padà fún Muji, ó sì ṣílẹ̀kùn.