Ihò Ara Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége kò jọ ilé mìíràn ládùúgbò. Àárín ilé iṣẹ́ bísíkíìtì àti ilé iṣẹ́ ọ̀rá ló wà, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ tín-ín-rín, orí wọn ṣe ṣóńṣó, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé òkùnkùn kì í tán nínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Fíkà àkọ́kọ́ ló mú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan bọ̀ láti ìlú Òyìnbó, èyí tí wọ́n ti fi òkúta kọ́ láti ayé àtijọ́. Àwọn bíríkìlà wa fi búlọ́ọ̀kù ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá nínú àwòrán náà, títí kan ihò kan tó gba ẹ̀gbẹ̀ẹ̀gbẹ́ la ògiri ẹ̀bá pẹpẹ já síta. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tó wà fún.

Lọ́dún tí ìyá mi ṣàìsàn, ikọ́ ife ni dókítà rí lára wọn. Ó ní kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n má tíì wọ àárín èrò. Àjíǹde sì ń bọ̀. Láti ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé wọn lórí ní Èkìtì, kò sí Àjíǹde tí ìyá mi kò gba Ara Olúwa. Wọ́n ti oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí ni oògùn fẹ́ ṣe nínú òun tí Ara Olúwa kò bá dé ẹnu òun.

Mo lọ bá Fíkà wa.

“Ẹ gbé àga fún Mama sẹ́yìn ògiri, níbi ihò yẹn,” ni Fíkà wí. “A gbọ́ pé àwọn adẹ́tẹ̀ ló wà fún nílùú Òyìnbó. Ìta ni wọ́n ti ń wo pẹpẹ. Èmi á gbé Ara Olúwa wá bá Mama.”

Láàárọ̀ Àjíǹde, ilé iṣẹ́ méjèèjì wà ní títì, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ògiri náà kò gbà ju ẹnì kan lọ, fẹ́ǹsì sì dí ìparí rẹ̀. Mo fi ìyá mi jókòó síbẹ̀, mo wọlé. Nígbà tí Fíkà gbé àkàrà Ìdàpọ̀ Mímọ́ sókè, mo wo ihò, mo rí ojú ìyá mi. Mo tún wò ó, ojú mìíràn ni. Ó funfun bí ẹfun, kò sì ṣẹ́jú. Bí Fíkà ti gbé àwo rẹ̀ jáde, mo fi orin sílẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn.

Ìyá mi ti dìde lórí àga, wọ́n fẹ̀yìn ti fẹ́ǹsì bí ẹni tó ń yà fún èrò.

“Mama, ẹ la ẹnu.”

“Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ná, Bàbá Fíkà. Wọ́n ti wà níbí kí n tó dé.”

“Àwọn ta ni, Mama?”

“Ẹ̀yin náà ẹ wò wọ́n. Ṣé kí n ṣáájú àgbà jẹun ni? Aṣọ ni wọ́n fi di ọwọ́, ẹnu ni kí ẹ fi sí fún wọn.”

Mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n gbà á. Ìyá mi pa ẹnu dé.

Fíkà wò mí, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kọjá lára ìyá mi. Wọ́n na àkàrà kan síwájú, níbi tí ẹnu ènìyàn yóò wà. “Ara Olúwa wa.” Ọwọ́ wọn padà lófìfo. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n tún na ọwọ́. Mo wo ilẹ̀. Kò sí ohun tó bọ́ síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá mi la ẹnu, wọ́n gbà á.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi fúnra wọn ló béèrè oògùn. Wọ́n lò ó parí, ikọ́ lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní Kérésìmesì, ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n jókòó sí. Gbogbo ìjọ ti gbà tán nígbà tí Fíkà tún bu àkàrà sínú àwo, tí wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde lọ sẹ́yìn ògiri.