Ìbéèrè Kẹsàn-án Nínú Ìwé Abọ́sẹ̀dé

Abọ́sẹ̀dé ọmọ Ìyápọ̀ kì í ṣe ọmọ aláriwo. Láti kíláàsì kìíní tí mo ti kọ́ ọ ní Tẹ̀dé níbí, bó bá fẹ́ béèrè nǹkan, yóò kọ́kọ́ wò ọ́ títí kó tó la ẹnu. Bó bá sì là á tán, ìbéèrè tí ìwọ tíṣà kò ní ìdáhùn sí ni yóò bi ọ́. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn kíláàsì ni àwọn ọmọ tí kò ní bàtà máa ń jókòó sí, nígbà tí èmi kò yan ìjókòó fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kó lọ jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà.

Nítorí náà, nígbà tí yunifásítì gbà á láti kọ́ ìmọ̀ àwùjọ, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní sọsiọ́lọ́jì, kò yà mí lẹ́nu. Àwọn ará àdúgbò ló yà lẹ́nu. Lọ́yà tàbí nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń retí. Jẹ́ẹ́dé, àgbẹ̀ ojúgbà mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, wá bi mí pé, "Tíṣà, kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe? Ṣé ó ń wo àìsàn ni, àbí ó ń gba ẹjọ́ rò?"

Mo ní ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn gbé ni.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ìyẹn náà ni wọ́n ń lọ kọ́ ní yunifásítì? Kí wọ́n wá bá ìyàwó mi gbé fún ọ̀sẹ̀ kan."

Ìyápọ̀ bàbá ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ yìí nìkan ló ní, ó sì mọ̀ pé oko iṣu òun kò lè gbé ilé kó tún gbé ilé ìwé. Ó wá iṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Ó ń ṣọ́ géètì ilé kan níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ọmọ náà fi wà nílé ìwé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ti oko wá, ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn méje ni wọ́n jọ ń ṣe àáró nígbà náà: Ìyápọ̀, Jẹ́ẹ́dé, Samsudeen àti àwọn mẹ́rin mìíràn. Bí ìgbà ebè bá dé, gbogbo wọn á kó ọkọ́ lọ sóko ẹnì kan lónìí, ó di oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Kò sí pé ẹnì kan ń sanwó fún ẹnì kan. Ọjọ́ tí mo fún ọ ni ìwọ náà yóò fún mi. Lọ́dún tí Abọ́sẹ̀dé wọ yunifásítì, oko Ìyápọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Lọ́jọ́ kejì ni ìpè dé láti Ìbàdàn pé kó máa bọ̀ kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á mú ẹlòmíràn. Ó lọ. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ojú ló ń tì í, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn mẹ́fà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́fà ni Ìyápọ̀ jẹ. Kò sẹ́ni tó lọ fẹ̀sùn kàn án nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yípo, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí fojú ìfura wo ẹnìkejì. Oko ta ni a ó kọ́kọ́ lọ? Ta ni yóò tún jẹ, tí yóò sì lọ? Àáró náà tú ká báyẹn. Lónìí, ẹni tó bá lágbára á gba lébìrà, ẹni tí kò bá ní, á gbin ìwọ̀n tí apá rẹ̀ ká. Abọ́sẹ̀dé kò gbọ́ sí i rárá, nítorí ó ti wà nílé ìwé.

Àfi bí ọmọ náà ṣe dé ọdún kẹrin, tó ku iṣẹ́ àṣekágbá, tó wá sọ pé ohun tí òun fẹ́ wádìí ni ìdí tí àáró fi ń kú lọ ní Tẹ̀dé! Ó kó ọgọ́ta ìwé ìbéèrè wá, ìbéèrè méjìlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò ń pè é padà, ló bá kó wọn fún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán, Tíṣà. Ẹ sáà bá mi pín wọn."

Ohun tí mo ṣe rèé, n kò ní fi pa mọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, bí mo bá sì rí ìwé tí wọ́n to ìbéèrè sí, ọwọ́ mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo pe àwọn àgbẹ̀ sí kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo sì kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ọmọ wa ni, a kò ní jẹ́ kó fìdí rẹmi.

Samsudeen gbé ojú sókè pé, "Tíṣà, ṣé bó ṣe wà lójú pátákó yẹn náà ni ká kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má ṣàṣìṣe o."

Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ bá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ kọ. Iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí a fi kan ìbéèrè kẹsàn-án: Ǹjẹ́ ẹnì kan ti jẹ yín ní àáró rí tí kò san án? Mo yíjú sí wọn, mo bi wọ́n pé kí ni ká kọ.

Jẹ́ẹ́dé ló wúkọ́. "Kọ 'rárá' síbẹ̀. Bàbá ọmọ ni. A ò ní fi ọwọ́ ọmọ kọ ẹ̀sùn bàbá rẹ̀."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ọgọ́ta ènìyàn dà á kọ. Inú mi dùn bí mo ṣe ń di ìwé náà pọ̀ ránṣẹ́ sí Abọ́sẹ̀dé, mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ.

Dókítà Mọ́ládé, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ Abọ́sẹ̀dé ní yunifásítì, kò tíì ka ìwé mẹ́wàá tán tó fi kó gbogbo rẹ̀ padà fún un. Ó ní ọgọ́ta ènìyàn kì í ní ẹnu kan ṣoṣo, àfi tí wọ́n bá ń fi nǹkan pa mọ́. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí kò bá rí òótọ́ mú wá, yóò tún ọdún kan lò, ìyẹn ni pé Ìyápọ̀ yóò tún fi ọdún kan gbáko jókòó sídìí géètì.

Abọ́sẹ̀dé wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Tíṣà, kí lẹ̀ ń fi pa mọ́?"

Mo kọ́kọ́ bínú. Mo ní ṣé oore tí mo ṣe ló wá di ẹ̀sùn?

Ó ní, "Oore lẹ ṣe, sà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ènìyàn máa ṣe kọ́ ni wọ́n ní kí n lọ wádìí. Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an ni."

Ojú tì mí, àgbàlagbà bíi tèmi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àtorí àtìdí. Ó béèrè ọdún tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ọdún tó wọ yunifásítì ni. Ó bojú, ó sì sunkún. Nígbà tó ṣe, mo ní kó kọ ọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ní Tẹ̀dé yìí, sà? Ta ni kò ní mọ̀?" Kò fẹ́ dójú ti bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ kó tún fi ọdún kan ṣọ́ géètì. Ó pè é lórí fóònù lójú mi, ó sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí.

Ìyápọ̀ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti rù, orí rẹ̀ ti funfun. Kò jẹun kó tó ní kí ọmọ náà mú ìwé rẹ̀ jáde. Abọ́sẹ̀dé mú ìwé ìbéèrè tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní bí ẹni pé kò rí ọkùnrin náà rí. Ìgbà tó kan ẹ̀kẹsàn-án, ó yí i padà. "Ǹjẹ́ ẹ̀yin ti jẹ ẹnikẹ́ni ní àáró rí tí ẹ kò san án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́fà."

"Kí ló fà á, sà?"

Ìyápọ̀ wojú rẹ̀. "Kọ ọ́ pé ọmọ mi wọ yunifásítì."

Ó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ láti ilé dé ilé fúnra rẹ̀. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ sílé, mo sì jókòó. Bí àwọn ènìyàn ṣe gbọ́ pé Ìyápọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ tiwọn. Samsudeen jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti díbọ́n àìsàn lọ́jọ́ àáró. Dókítà Mọ́ládé gba iṣẹ́ náà, ọmọ náà sì jáde nílé ìwé lásìkò.

Ṣùgbọ́n kó tó padà lọ fún un ní ìwé náà, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti òun wà lóko Jẹ́ẹ́dé, torí ó ní kí n fi ọ̀nà ibẹ̀ han òun, ó ń bi í ní ìbéèrè, Jẹ́ẹ́dé ń kọ ebè lọ, ó ń dá a lóhùn. Ìyápọ̀ yọ sí wa láàárín koríko pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró sí etí oko, ó ń wo ilẹ̀. Jẹ́ẹ́dé nàró, ó nu òógùn ojú, ó sì wò ó pẹ́. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin, Jẹ́ẹ́dé kì í sì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ rọ̀.

"O mà pẹ́ díẹ̀ o," ló sọ, ó sì sún síwájú kí Ìyápọ̀ lè ráyè kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.