Irú Kòkó Tí Ọ̀gá Mi Fẹ́

Ẹni tí kò mọ̀ mí dáadáa ló máa ń pè mí ní aláfojúdi. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹnu yẹn náà ló gbà mí sílẹ̀ nígbà kan, mo sì ń fi yangàn títí dòní.

Ayé ìjọba ológun ni, ìlú le koko. Wọ́n ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ kò sì yéé jẹun. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ọ̀gá kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ gbà mí síṣẹ́ l'Ọ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń yẹ kòkó wò kí wọ́n tó gbé e sórí ìwọ̀n. Tó bá gbẹ, kí n gbà á.

Ó dùn létí, àbí? Mo dá kòkó tútù padà, ọ̀gá pariwo mọ́ mi pé mo ń lé oníbàárà òun lọ. Mo gba èyí tó tutù díẹ̀, ó tún pariwo pé ṣé mo fẹ́ kí kòkó bàjẹ́ sínú àpò ni. Mo ní kí wá ni kí n ṣe?

"Lo ọgbọ́n ẹ!"

Háà! Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi ti lo ọgbọ́n tiwọn, ọ̀gá sì lé gbogbo wọn. Tó bá lé èmi náà, kí la fẹ́ jẹ nílé?

Inú bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bu kòkó sínú àwo mẹ́ta: gbígbẹ, èyí tó rọ̀ díẹ̀, àti tútù. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá.

"Ẹ má bínú, sà. Ọgbọ́n tiyín ni mo fẹ́ lò. Èwo ni kí n gbà?"

Àwọn tó ń gbé àpò wò mí bí ẹni tó ti dáràn. Ọ̀gá bu èyí tó gbẹ, ó fi ọwọ́ fún un pọ̀, ó ń dún wàràwàrà.

"Èyí tó ń dún báyìí nìkan."

"Tó bá jẹ́ pé èèyàn yín ló gbé tútù wá ńkọ́?"

"Ẹni yòówù kó jẹ́! Kó lọ sá a sí i."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n ọ̀gá fi ọkọ̀ kó kòkó dé láti Àgọ́ Aláyé. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, kòkó náà lẹ̀ mọ́ra wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì gbẹ. Ẹ bá wa sá a sí i."

Yéè! Bàbá fi èdè Ìkálẹ̀ bú mi, àwọn èrò ojú títì dúró wòran. Ó ní òun ló tọ́ ọ̀gá mi dàgbà, pé iṣẹ́ mi ti tán lónìí. Ó ké pe àbúrò rẹ̀ síta. N kò kúrò níbi ìwọ̀n.

Ọ̀gá jáde, ó bu kòkó náà, ó fi ọwọ́ fún un pọ̀. Kò dún. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lójijì ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, tòun ti aṣọ funfun tó wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe."

Orí mi wú! Ó wú débi pé mo gbàgbé láti bá wọn gbé àpò padà sínú ọkọ̀.