Ìbọn Tí Akelina Mú Lọ Sí Àgọ́

Lyle tó ń ta ìbọn gbé ọta kan kalẹ̀ lórí gíláàsì ilé ìtajà rẹ̀, ó nà án ró. Ọta náà gùn ju ìka àárín Akelina lọ, ó sì sanra jù ú. Idẹ rẹ̀ ń dán, orí rẹ̀ pọ́n bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Ọta 375 nìyẹn, màmá," ni Lyle wí. "Tí èyí bá gba èjìká béárì wọlé, ó lè gba ìbàdí rẹ̀ jáde. Kò sí eegun tó máa dá a dúró."

Akelina wò ó. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ nǹkan. Ológbò ilé ìtajà náà sùn sórí páálí bàtà òjò, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń lọ.

"Ó dáa," ló ní.

Nikifor, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti mú ìbọn tó ń jẹ ọta náà lọ́wọ́, ó ń gbé e sókè sódò bí ẹni tó ń wo bí ọmọ tuntun ṣe wúwo tó. "Ìyàwó wa, wo nǹkan. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìbọn. Kì í ṣe igi ìdáná tí àbúrò mi Zakhar ń gbé kiri."

"Nikifor, rọra," ni Lyle wí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, irùngbọ̀n àwọn méjèèjì ti funfun. "Ìwọ kọ́ lo máa yìn ín."

"Èmi kọ́. Àmọ́ èmi ni mo máa wa ọkọ̀."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo abúlé wa, ọkọ̀ ojú omi Nikifor nìkan ló lágbára láti yí etí àpáta ńlá yẹn ká dé ibi tí àgọ́ ìpẹja Akelina wà, láti ìgbà òtútù ló sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ará ilé pé òun ò ní gbé e débẹ̀ àfi tó bá ní ìbọn tó lè dá béárì dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé òkú kejì bọ̀ láti etí omi kan náà. Akelina sì fẹ́ lọ. Tí èèyàn bá bi í pé kí ló ń wá lọ síbẹ̀, á ní ẹja ti ń bọ̀. Kò ní ìdí míì tó lè fẹnu sọ. Ó ṣáà mọ̀ pé tí òun bá jókòó sílé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, òun ò tún ní dìde mọ́.

Ọmọ erékùṣù Kodiak ni Akelina, ìhà gúúsù níbẹ̀. Ìgbì ńlá ló gbé ilé tí wọ́n bí i sí lọ nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń la ẹja salmọ́ọ̀nù kó tó mọ ìwé kà. Nígbà tó dàgbà, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, páì ẹja rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn tó ti gboyè lọ sí ìlú ńlá Anchorage ṣì máa ń ránṣẹ́ wá béèrè rẹ̀. Ó fẹ́ Zakhar, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀ olóoru. Tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tọkọtaya á kó iyọ̀, tíì àti àwọ̀n, ó di àgọ́.

Oṣù kẹsàn-án tó kọjá ni Zakhar gbé garawa ẹja méjì láti etí omi, ó ń gòkè bọ̀. Abo béárì kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ jáde láti inú igbó ṣúúrú. Akelina ń dáná sí ilé ìwẹ̀, ó gbọ́ ìró garawa lórí òkúta. Ìgbà tó fi sáré jáde, ó ti parí, ẹranko náà ti lọ. Ìbọn Zakhar wà nínú àhéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, lórí ìṣó.

Ìṣó yìí, kò sí àgọ́ kan ní etí omi wa tí kò ní in. Omi iyọ̀ máa ń mú kí irin dógùn-ún, ọwọ́ èèyàn kì í sì í ṣófo nígbà ẹja. Nítorí náà, tí o bá dé, wàá gbé ìbọn kọ́ sí ara ògiri àhéré kó má bàa tutù, wàá wá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọ̀n rẹ. Bàbá Nikifor àti Zakhar ló kan tiwọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo abúlé ló ń fẹnu wọn ọta. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n níbi ìjẹun ogójì ọjọ́, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ní 30-06, irú ọta tí ìbọn Zakhar ń jẹ, kéré. Wọ́n ní irú ìbọn tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín, ta ló ń gbé e lọ bá irú ẹranko bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìṣó. Kálukú ló ní tirẹ̀ lágọ̀ọ́.

Akelina kò sunkún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń pè é lórí fóònù lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, á ní, "Màmá, ṣé ẹ ti sunkún?" Òun á ní ojú ọjọ́ dáa lónìí. Ó dà bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá ti pẹ́ nínú omi yìnyín. O ń rí ìka rẹ, o rí i pé ó ń la ẹja, àmọ́ kò jọ pé tìẹ ni.

Lyle ti ilé ìtajà rẹ̀ pa ní ọ̀sán gangan. Kì í ta ìbọn ńlá fún ẹni tí ìbọn náà kò tíì gbá lára rí. Wọ́n wakọ̀ lọ sí ibi ìyìnbọn ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti wa òkúta títí tí òkè fi dà bí àkàrà tí wọ́n bù jẹ. Lyle lẹ àwo bébà kan mọ́ páálí, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ òkè, kò jìnnà.

"Ẹ jẹ́ kó wọ kòtò èjìká yín dáadáa," ló ní. "Ẹ má bá a jà."

Akelina yìn ín. Ìró náà gba àyà gbogbo wọn kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ sẹ́yìn, eruku sì tú jáde lókè réré, ibi tí àwo ò sí.

"Ṣé ó dùn yín?" ni Lyle bi í.

"Rárá."

Kò parọ́. Bí ìgbà tí ẹni tó ń kánjú bá taari èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló rí lára rẹ̀. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. Àwo bébà ṣì funfun báláú.

"Ẹ ti ń pajú dé kó tó dún," ni Lyle wí. "Ẹ̀yin nìkan kọ́. Àwọn géńdé ọkùnrin máa ń ra èyí lọ́wọ́ mi, tí wọ́n bá padà wá lọ́dún kejì, ìbọn náà ṣì mọ́ nigín-nigín. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n ju ti béárì lọ."

"Ó máa mọ́ ọn lára," ni Nikifor wí.

"Ṣé béárì máa dúró kó mọ́ ọn lára ni?"

"Ìwọ Lyle yìí, ṣé ọjà lò ń tà àbí ò ń lé oníbàárà?"

"Mò ń ta ọjà. Mo sì fẹ́ kí oníbàárà padà wá rà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Akelina ti gbé ìbọn ńlá náà sórí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ti Zakhar nínú ọkọ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣáà bá mi mú un."

Nikifor mú un wá bí ẹni mú ejò wá. Akelina ti ń nu ìbọn yìí láti ìgbà òtútù, gbogbo ọjọ́ Sátidé, láìmọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ki ọta sínú rẹ̀, ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá fẹ́ràn ìbọn ì bá sanwó wò ó. Ó yìn ín, ó fa irin ẹ̀yìn rẹ̀, ó tì í padà, ó tún yìn ín, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwo, idẹ òfìfo ń fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, irin náà ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ọta tán, bisikíìtì kan ṣoṣo lè bo gbogbo ihò ara àwo náà mọ́lẹ̀.

Lyle súfèé. "Ta ló kọ́ yín?"

"Àgbọ̀nrín. Èmi ni mò ń pa ti ilé wa. Zakhar kì í ríran jìnnà."

Lyle mú páálí kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀. "Ẹ máa lo èyí. Ọta 30-06 kan náà ni, àmọ́ orí rẹ̀ wúwo, imú rẹ̀ rubutu. Kì í yára, àmọ́ ó máa ń wọlé jìn. Ẹ fi wá eegun èjìká, ẹ má fi wá orí. Méjì irú èyí níbi tẹ́ ẹ fojú sùn dáa ju ńlá kan tó lọ ba òkè lọ."

"Lyle, fi sílẹ̀," ni Nikifor wí. "Ìbọn yẹn ló pa àbúrò mi."

Akelina ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa idẹ òfìfo nílẹ̀.

"Kò pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n," ló ní. "Kò tiẹ̀ dún. Orí ìṣó ló wà."

Bó ṣe máa ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé mílíìkì ti tán ló ṣe sọ ọ́. Lyle wá rántí pé àwo bébà kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ báyìí, ó gba ìsàlẹ̀ òkè lọ, kò sì yára padà.

"Mo mọ ibi tó wà," ni Nikifor wí, nígbà tó yá.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀."

"Tèmi náà, orí ìṣó ni mò ń gbé e kọ́."

"Mo mọ̀."

Nikifor jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e. "Tí o bá mú kékeré yìí lọ, tí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ?"

"Èyí ni mo lè gbé kọ́rùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí màá sì tún gbé garawa. Ńlá yẹn, kò ní pẹ́ tí màá fi wá ibi tí mo máa gbé e kọ́ sí."

Nikifor dìde. Ó mú ìbọn ńlá náà, ó gbé e padà fún Lyle pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Inú ọkọ̀ ló ti wá sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà ní títì. "Òkun máa rọlẹ̀ lọ́la. Tètè múra. Mi ò kì í dúró de obìnrin tó ń wá ìbọ̀sẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, kùrukùru bo omi, ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́. Wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ bisikíìtì líle pẹ̀lú ẹja yíyan. Akelina ń wo ibi tí kùrukùru ti ń ṣí, ó ń retí pé tí àgọ́ bá yọ, nǹkan kan á mì nínú òun. Àgọ́ yọ. Ilé ìwẹ̀ wà níbẹ̀, àhéré wà níbẹ̀, koríko ti ga dé ojú fèrèsé. Kò sí nǹkan tó mì.

Nikifor gbé àpò iyọ̀ sí èjìká kan, ó fi ìbọn rẹ̀ kọ́ èkejì, ó fẹsẹ̀ ti ìlẹ̀kùn àhéré. Iyọ̀ wúwo. Láìwo ibì kankan, ó na ọwọ́ sí ara ògiri, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ ìṣó, ó sì sọ iyọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó yíjú padà ló rí Akelina lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ìbọn náà bó ṣe ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí okùn rẹ̀.

Nikifor gbé ìbọn náà kúrò, ó nà án sí Akelina pé kó bá òun dì í mú. Ó lọ mú òòlù wá láti inú ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn orí rẹ̀ fa ìṣó náà. Ìṣó àtijọ́ ni, ó gùn, ó ké kí ó tó jáde. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, bí ẹni pé ó ń wá ibi tó máa jù ú sí. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló fi í sí nígbẹ̀yìn.

"Mo máa yọ tèmi náà, tí mo bá dé ọ̀hún," ló ní.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

"Màá padà wá wò ọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀. Má jẹ́ kí páì tán."

Nígbà tí ìró ọkọ̀ rẹ̀ ti wọnú kùrukùru tán, Akelina fi ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, ó gbé garawa méjèèjì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu odò. Gbogbo ìṣísẹ̀ ni ìdí ìbọn ń gbá a ní itan. Ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ kò bọ́ ọ sílẹ̀.

Béárì kan wà ní òdì kejì odò. Kò tíì dàgbà púpọ̀, ara rẹ̀ tutù rinrin, ẹja wà lẹ́nu rẹ̀. Akelina sọ garawa kalẹ̀ láìjẹ́ kó dún. Ìbọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ronú kàn án. Ó fojú sun eegun èjìká, bí Lyle ṣe sọ. Béárì náà wò ó. Ó tẹ ẹja mọ́ òkúta, ó jẹ ikùn rẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ, ó sì gba inú omi lọ sókè odò, ìdí rẹ̀ ń mì lọ lẹ́yìn.

Akelina dúró títí koríko fi dẹ́kun mímì. Àyà rẹ̀ kò já. Ó bu omi sínú garawa, ó gbé okùn ìbọn padà sí èjìká ọ̀tún, ibi tí 375 ti gbá a lánàá tí kò mọ̀ ọ́n lára.

Ó dùn ún.

Ó dúró sójú kan. Ó sọ garawa kalẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ òjò rẹ̀, ó tẹ ibẹ̀. Ó ti wú, ó gbóná, ó dùn ún dé eegun. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé garawa rẹ̀, ó ń gòkè lọ sí àhéré, okùn ìbọn ń há ibẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, kò sì gbé e sí èjìká kejì.