Iwájú Bébà, Ẹ̀yìn Bébà

Bí Alága bá húkọ́ ní ìpàdé, Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń kọ àkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, oyè yẹn sì ti gbé orúkọ àbísọ rẹ̀ mì káló. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ìyá òun bá dé ọ̀run, yóò kọ́kọ́ bi àwọn áńgẹ́lì bóyá wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá.

Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé bébà wà nínú ti àkọ́kọ́, ó ń kùn bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Nínú èkejì, obìnrin mẹ́rin jókòó yí tábìlì gígùn kan ká: ọ̀kan ń ká bébà, ọ̀kan ń tò ó, ọ̀kan ń gún wáyà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni kẹrin ń fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo rẹ̀. Ẹni tó ń lẹ gọ́ọ̀mù yìí ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn.

Nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn ti mú owó ibodè kúrò lórí bébà àti ìwé tó ń ti òkè òkun bọ̀, ijó ni wọ́n jó ní ìpàdé. Akọ̀wé kọ ọ́ pé, "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yọ̀." Wọ́n rò pé owó bébà máa wálẹ̀. Ìwé òkè òkun ló wálẹ̀. Ó ń dán gbinrin, ó pọ̀ lójú títì bí omi òjò. Bébà ní tiẹ̀ jókòó sókè tó wà, kò tilẹ̀ bojú wolẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Oníṣòwò méjì ló ń kó bébà wọlé tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti ra èkejì pátápátá. Èyí tó kù, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníbébà, ló ń da owó ibodè tí ìjọba fi sílẹ̀ sápò ara rẹ̀. Ó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ìpàdé wọn, ó ní ẹni tó bá ra bébà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o wọlé, kó má wulẹ̀ yọjú sí ilé ìkẹ́rù òun mọ́ láé. Akọ̀wé kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Bí nǹkan ò bá yí padà kí iléèwé tó wọlé, ṣọ́ọ̀bù yẹn máa tì, obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì lọ sílé. Akọ̀wé kì í lè wo ojú wọn mọ́ tí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tó yá, ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i pé kí ẹnì kan má di ọjà mú mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ó wọ bàtà tó ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ó sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Òṣìṣẹ́ tó gbà á lálejò ò ju ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ, ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú. Ó yin ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, inú Akọ̀wé dùn débi pé ó gbàgbé láti jókòó. Ọmọge ka ojú ewé tí ìhàlẹ̀ Bàbá Oníbébà wà, ó mi orí. Ó wá ṣí ewé náà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ló pẹ́ sí.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

Akọ̀wé fi ìgbéraga ṣàlàyé. Iye tí ẹgbẹ́ fi sórí ìdì ìwé kan nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà wálẹ̀ jù ú. Ẹni tó tà á wálẹ̀ lóṣù yẹn, wọ́n bu ìtanràn lé e. "Àbúrò mi gan-an ni," ó ní. "A kì í ṣojúsàájú."

Ohun tí kò sọ ni pé iléèwé kan tí àwọn òbí ibẹ̀ ò ní lọ́wọ́ ni àbúrò yẹn tà á fún, pé ó san ìtanràn, kò sì wá sí ìpàdé mọ́. Oṣù mẹ́jọ rèé, ẹnu ìyá wọn ni wọ́n fi ń kí ara wọn.

Ọmọge bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí Bàbá Oníbébà ń ṣe fún yín, òun náà lẹ̀ ń ṣe fún àwọn tó ń rà lọ́wọ́ yín. Òfin kan náà ló de gbogbo yín."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọmọ náà ń bá òun ṣeré ni. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò tíì lu òǹtẹ̀, ó lè gbé ìwé rẹ̀ padà sílé. Àmọ́ láìsí ewé yẹn, ẹ̀sùn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Akọ̀wé tí kì í fi bébà ṣòfò ti kọ iwájú, ó ti kọ ẹ̀yìn. Ó ya ọ̀kan, ó ya méjèèjì nìyẹn.

Ó ro ti àwọn mẹ́rin tó wà nídìí tábìlì. Ó ro ti Alága, inú ẹ̀ á bẹ́. Ó tún wo orúkọ àbúrò rẹ̀, bó ṣe gún régé lórí ìlà, ọwọ́ òun fúnra òun ló kọ ọ́.

"Ṣé wọ́n máa tì mí mọ́lé?"

"Ẹ̀yin lẹ mú un wá fúnra yín. Ìkìlọ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jáwọ́."

"Lù ú, ọmọ mi."

Ní ìpàdé, Alága sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó bi í pé ta ló rán an láti kó ìfun ẹgbẹ́ lọ sá sóòrùn níwájú ìjọba. Akọ̀wé ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó tiẹ̀ bẹ Alága kó tún èébú kejì sọ, pé ó yára jù. Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn tó wà lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó rántí mọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nípò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, lẹ́tà dé. Bàbá Oníbébà ò gbọ́dọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n yéé fi iye kan ṣoṣo sórí ìwé. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, oníṣòwò mìíràn méjì ti ń kó bébà wọlé. Owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe bíi tinú àlá, àmọ́ ẹni tó ń lẹ gọ́ọ̀mù ṣì wà nídìí tábìlì, ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Ẹni yẹn ń gé èèpo ìwé, kò gbójú sókè.

"Mo jẹ̀bi ẹ," ni Akọ̀wé wí.

Àbúrò gé méjì sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, èló lẹ̀ ń ta ìdì kan báyìí?"

Akọ̀wé kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. "Mi ò lè sọ fún ẹ. Òfin ò fẹ́ ká jọ máa sọ ọ́."

Àbúrò ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé orí bébà. Ó fọwọ́ gbá orí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ pé kí ẹ̀gbọ́n òun jókòó. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìyá wa."